Jẹ́ẹ̀lì Tó Funfun Lórí Iná

Wàràwàrà ni wọ́n ń pè é nílé, orúkọ náà sì bá a mu, torí ọmọ náà kì í ní sùúrù fún ohunkóhun. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó ń fi igi ro jẹ́ẹ̀lì irun nínú ìkòkò ńlá. Ìyá rẹ̀ ló máa ń ṣe é tà fún àwọn onídìrí, ṣùgbọ́n ìyá ti kán lẹ́sẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sí yàrá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa fi iṣẹ́ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Onídìrí kan ń bọ̀ wá gbé jẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, bí kò bá sì bá a, ibòmíì ló máa gbà lọ.

Ìyá ti kìlọ̀ fún un pé omi tútù ni kó fi po kẹ́míkà lúbúlúbú tó ń mú jẹ́ẹ̀lì ki, kó sì máa rò ó títí yóò fi yọ́. Ta ló ń gbọ́? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù. Wàràwàrà rò ó pé ṣebí ṣúgà máa ń tètè yọ́ nínú tíì gbígbóná. Ló bá gbé ìkòkò ka iná gáàsì.

Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi funfun bíi wàrà. Nígbà tó yá, nǹkan funfun kan tó ń fà kóra jọ sísàlẹ̀, omi lásán sì dá wà lókè.

“Dà á nù,” ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. “Sọ fún màmá ẹ pé kẹ́míkà yẹn ni ò dáa. Ta ló máa mọ̀?”

Ó ti da ìdajì sí gọ́tà nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é. Ó sáré wọlé, ó sì sọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Inú bí ìyá gidi. Lójú ẹsẹ̀ ló gbé fóònù, ó sọ̀rọ̀ sí Bàbá Oníkẹ́míkà bó ṣe wù ú, ó ní ayédèrú ló ń tà, òun ò ní rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bàbá ń ṣàlàyé, ìyá ti pa fóònù. Ojú ti Wàràwàrà débi pé bọ́ọ̀lù kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ó padà sídìí ìkòkò, ó ń ro èyí tó kù láìmọ ohun tó ń ṣe. Bó ṣe ń tutù ló ń mọ́. Nígbà tó fi máa wojú rẹ̀ dáadáa, jẹ́ẹ̀lì ti ki, ó mọ́ gaara, kò sí kókó kan nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó yáa tètè da ìyẹn náà nù. Wàràwàrà gbé ìkòkò lọ bá ìyá rẹ̀.

“Màámi, irọ́ ni mo pa fún yín. Mo gbé e ka iná, ó funfun, mo sì da ìdajì nù. Kẹ́míkà bàbá dáa.”

Ìyá fi ìka kàn án. Ó wá ṣàlàyé pé kẹ́míkà yìí kì í bá omi gbígbóná rẹ́. Tí ooru bá mú un, á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó bá tún tutù, á padà wọnú omi.

“Ká ní o pè mí nígbà tó funfun ni,” ó sọ, “màá ní kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó o máa rò ó. Kò tíì sí ohun tó bàjẹ́ nígbà yẹn.”

Ó na fóònù sí i, ó ní kó bẹ Bàbá fúnra rẹ̀. Bàbá ò jágbe mọ́ ọn. Ó gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ àpò kẹ́míkà tó kù, èyí tó fi pa mọ́ fún ìyá, ó ti gbé e fún oníbàárà míì lẹ́yìn tí ìyá bú u. Kò sì mọ ìgbà tí òmíì máa dé.

Onídìrí dé lọ́sàn-án, ó gba ìdajì, ó ní òun á lọ wá ìyókù níbòmíì. Ẹ̀yin ọmọ, tí iṣẹ́ bá dàrú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tètè sọ òótọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà, torí irọ́ máa ń ba nǹkan jẹ́ ju àṣìṣe lọ. Ìyá Wàràwàrà ò nà án. Ó kàn ní kó fọ igi ìrojẹ́ẹ̀lì, kó tọ́jú ẹ̀, torí kò sí kẹ́míkà tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ títí òmíì á fi dé.