Kànga Tí Dísù Wọ̀ ní Kabawa

Kí ọ̀kadà tó gba títì kan láàárọ̀ ní Kabawa, nílùú Lọ́kọ́jà, àwọn aládùúgbò ti máa ń kó korobá wá sídìí kànga Màrdíyà. Uwais, ọkọ rẹ̀, ló gbẹ́ ẹ nítorí Ọlọ́run kó tó kú. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Epo léfòó lójú rẹ̀, ó ń dán bí òṣùmàrè. Jímọ́ọ̀, àbúrò Uwais, ní kí wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì sè é. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Bàsítì, ọmọ Màrdíyà, ti ń bì, inú sì ń run ún.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ dé láti ọsibítù, Màrdíyà bu omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ bá Olúwadùnsìn, ayálégbé kan ládùúgbò tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Ọmọbìnrin náà gbóòórùn rẹ̀, ó ní dísù ni. Ó ṣàlàyé pé aṣọ kò lè sẹ́ ẹ, sísè kò sì lè mú un kúrò; èéfín rẹ̀ gan-an léwu, ó sì lè gbiná.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kànga náà pa lónìí,” ló wí. “Ká sì wá ibi tí dísù ti ń wọlé.”

Jímọ́ọ̀ kọ̀. Ó ní sàdákà òkú ni kànga náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tì í. Màrdíyà kúnlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n àgádágodo ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n yín gbẹ́ ẹ káwọn èèyàn lè rómi mu ni. Mi ò ní fi májèlé ṣe sàdákà lórúkọ rẹ̀.”

Ó tì í.

Ilé búrẹ́dì Ọláṣùpọ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri wọn, Ọláṣùpọ̀ sì ri táǹkì dísù jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí Màrdíyà lọ bi í, ó ní táǹkì òun kò jò. Màrdíyà kò bá a jà. Ó ní kó pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n fi ọ̀pá wọn dísù inú táǹkì. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì, ó ti fà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tan jẹnẹrétọ̀. Ọláṣùpọ̀ hú táǹkì náà, ó kó iyẹ̀pẹ̀ tó ti mu dísù kúrò, ó sì gbà láti gbọ́ bùkátà ìtúnṣe kànga.

Olúwadùnsìn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan wá. Awọ rọ́bà fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀, ihò ara awọ náà kéré ju ohun tójú lè rí lọ. Omi ń gba ibẹ̀ kọjá, epo ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. Omi tó jáde mọ́ gaara. Jímọ́ọ̀ na ife sí i, Màrdíyà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ojú lásán ló fi mọ́, Bọ̀dá,” ni Olúwadùnsìn wí. “Nǹkan kan nínú dísù ti yòrò sómi, awọ yìí kò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Àyẹ̀wò ló máa sọ bóyá ó ṣeé mu.”

Àyẹ̀wò ní kò tíì ṣeé mu. Àwọn kan bú Màrdíyà pé ó fi omi du àwọn. Kò ṣí kànga. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò títí ìgbà òjò fi parí. Jímọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi ọmọlanke gbé omi ẹ̀rọ wá láti ibòmíràn fún àdúgbò. Nígbà tí èsì dára, òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ṣí i.

Ẹ̀yin ará wa, bí omi yín bá ń rùn bí epo, ẹ má mu ún, ẹ má sè é, ẹ má sì fi wẹ ọmọ. Ẹ má tanná nítòsí rẹ̀. Ẹ tètè ké sí àwọn tó ń yẹ omi wò, kẹ́ ẹ sì wá ibi tó ti ń jò, torí kò sí asẹ́ tó lè borí táǹkì tó ṣì ń jò. Bí wọ́n bá gbé asẹ́ ìgbàlódé wá, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó bu ife kan. Ìwọ tó o ri táǹkì mọ́lẹ̀, máa wọ̀n ọ́n déédéé. Omi tí aládùúgbò rẹ ń mu ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.