Bí Kò Bá Rí Bẹ́ẹ̀ Ńkọ́?

Iná pupa kékeré kan ni ọkùnrin náà ń bẹ̀ nígbà tí Lámèyítọ́ kọ́kọ́ rí i. Ó ga gbọọrọ, ó tẹ̀ ba sórí tábìlì, ó ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, kú. Torí Ọlọ́run, kú."

Níbi iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọ bí inú ẹ̀rọ ṣe máa ṣiṣẹ́. Nígbàkígbà tí aago inú ẹ̀rọ bá lù, á tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n kọ látòkè délẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló ń yẹ iṣẹ́ gbogbo wọn wò, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Lámèyítọ́.

Ó wo ohun tí ọkùnrin náà kọ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Agùntáṣọọ́lò, ẹ kọ ọ́ pé bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì, kí iná tàn. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Ṣebí ó yẹ kó mọ̀."

"Ẹ̀rọ kì í mọ nǹkan kan o. Bí ẹ ò bá kọ apá kejì fún un, èyí tó dì mú tẹ́lẹ̀ náà ló máa dì mú."

Lámèyítọ́ fi ìlà kan kún un, iná kú. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tẹ̀ lé Lámèyítọ́ délé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun nínú abọ́ kan náà.

"Olólùfẹ́ mi, ojú rẹ ń bà mí lẹ́rù. O lè rí àṣìṣe lára mi," ni Agùntáṣọọ́lò wí.

"Mo ti rí mẹ́rìnlá. Mo ṣì ń kà á lọ."

Ṣùgbọ́n bàbá Lámèyítọ́, télọ̀ àgbà, ti sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀ pé ọkùnrin tí kò níṣẹ́ gidi kò gbọdọ̀ wá tọrọ ọmọ òun. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n sì gba Agùntáṣọọ́lò fún.

"Bí wọ́n bá gbà mí dúró, màá wá rí bàbá ẹ," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Bí wọn ò bá gbà ẹ́ ńkọ́?"

Ó họ orí, ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dun Lámèyítọ́ wọra. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹwàá, Agùntáṣọọ́lò kanlẹ̀kùn ilé télọ̀, Lámèyítọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá. Wọn ò gbà mí dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí."

Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á sókè: "Nígbàkígbà tí ilẹ̀ bá mọ́: bí mo bá níṣẹ́, òun ni màá fẹ́. Bí mi ò bá níṣẹ́, òun ni màá fẹ́."

Ó tún un kà, ó kọjú sí ọkùnrin náà.

"Èsì kan náà lo kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wá ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń wá níbẹ̀? Ibi tí aṣọ bá ti pọ̀jù, ṣe là á dín in."

Ó na ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fàlà sí aṣọ sí ọmọ rẹ̀. Lámèyítọ́ fagi lé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti èsì kejì nínú ìwé náà, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni: Nígbàkígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, òun ni màá fẹ́.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ àyálò ni mo ní nígbà tí mo fẹ́ ìyá ẹ," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. "Kí lò ń wò? Gbé àga fún àna mi."

Lámèyítọ́ gbé àga wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí:

"Ó ku àṣìṣe mẹ́tàlá."