Apá Ọ̀tún Bàbá Zakariyya

Ẹni tó bá rò pé mò ń parọ́, kó gba Bẹẹrẹ lọ, kó bi Adéyẹ́misí. Obìnrin náà kì í sọ àsọdùn. Iṣẹ́ fisio ló ń ṣe, ó ń fọwọ́ tọ́jú iṣan àwọn aláìsàn láti ilé dé ilé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bó bá délé, rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ó ń yẹ apá ọ̀tún Bàbá Zakariyya wò ní pálọ̀. Rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá náà. Ó tẹ apá náà, ó nà án, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kíákíá. Iṣan tó dá ṣáṣá kì í rọ bí àkísà, kì í sì í le koko. Èyí le, ó sì ń há.

Mikail, ọmọ bàbá, ti sọ pé bí apá náà ò bá dẹ̀, òun á gbé wọn lọ sílé òun ní Àbújá lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá ò fẹ́ lọ. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n sin ìyàwó wọn sí, bí àṣà agboolé náà. Ẹ̀gbẹ́ ibojì ọ̀hún ni bẹ́ẹ̀dì wọn wà.

"Dókítà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá ẹ̀yìn," ni Bàbá wí.

"Apá kan náà ni, Bàbá."

"Ẹ ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó fi kẹ̀kẹ́ arọ wọn tì wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó na apá náà kíákíá. Kò há. Ó fi í sílẹ̀.

Apá náà ò wálẹ̀. Ó dúró lófuurufú, iṣan rẹ̀ sì dẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń báni gbé e.

"Bàbá, ta ló dì í mú?"

"Ó máa ń wá lọ́sàn-án."

Adéyẹ́misí sáré pe Mikail. Mikail wọlé, ó gbé apá bàbá rẹ̀. Ó le bí igi.

"Ẹ má bínú mà," ni Mikail wí. "Ẹ má bá wọn pa irú irọ́ yìí torí kí wọ́n má baà lọ." Bàbá bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Adéyẹ́misí lọ dágbére. Wọ́n ti gbé bàbá sínú ọkọ̀. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ tó gbàgbé síbẹ̀, àánú bàbá sì ń ṣe é débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni ọwọ́ kan di tirẹ̀ mú. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ àgbà obìnrin ni, ó sì ń fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Adéyẹ́misí sáré tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ti lọ.

Ọwọ́ náà ò tíì jù ú sílẹ̀ títí di òní. Òun náà ò sì tíì ní kó jù ú sílẹ̀.