Eku Mẹ́fà Tí Kò Mu Omi Ewé

Àbúrò ìyá ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ewé lè gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ oògùn. Ilé ìwádìí ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń tọpa ewé kan ṣoṣo. Àpọ̀jù oògùn ara ríro máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewé náà lè dáàbò bò ó.

Nígbà ìsinmi, ó mú ọmọbìnrin náà wá síbi iṣẹ́. Àgò eku méjì ló wà níbẹ̀, eku mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ni yóò gba àpọ̀jù oògùn lọ́jọ́ keje, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú àgò òsì nìkan ni yóò máa mu omi ewé láràárọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Iṣẹ́ ọmọ náà ni láti kán an sí wọn lẹ́nu, kó sì fàmì sínú ìwé. Àǹtí rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Eku.

Lọ́jọ́ kẹrin, àǹtí rìnrìn àjò. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti fi eku ṣe ọkọ, ló bá tẹ̀ lé wọn lọ lúwẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó padà, ó fàmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ṣebí eku kì í rojọ́.

Ẹ̀dọ̀ eku rojọ́. Nígbà tí àǹtí dé, tó fún gbogbo wọn lóògùn, tó sì là wọ́n wò, ti àgò òsì àti ti ọ̀tún kò yàtọ̀: gbogbo rẹ̀ wú, àbàwọ́n sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Obìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ewé ti tan òun jẹ fọ́dún mẹ́rin, kí Ọ̀gá Eku lọ da èyí tó kù nù.

Ọmọ náà gbé àpò ewé dé ẹnu ọ̀nà. Àpò náà kò wúwo, àmọ́ ó gbé e padà wá sọ́dọ̀ àǹtí. Ẹni tó bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ ọ ṣe.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ewé kọ́. Èmi ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fún wọn mu."

"Àmì wà nínú ìwé."

"Mo kàn fà á ni."

Àǹtí kò pariwo, ìyẹn ló sì dun ọmọ náà jù. Ó ka eku tó wà lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé méjìlá.

"Bóyá ewé yìí ń ṣiṣẹ́, bóyá kò ṣiṣẹ́, a ò mọ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kú, wọn ò sì kọ́ wa ní nǹkan kan. Ká ní o sọ fún mi kí n tó fún wọn lóògùn ni, à bá tún un bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe ṣeé tún ṣe. Irọ́ tí a kọ sílẹ̀ ló ń mú ẹni tó gbà á gbọ́ ṣìnà."

Ó fún un ní bírò, pé kó kọ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Ó gba àpò ewé lọ́wọ́ rẹ̀, pé kó má dà á nù mọ́. Kò pè é ní Ọ̀gá Eku. Ó jáde, kò bojú wẹ̀yìn.