Ó Sanwó, Wọ́n Ní Kò San: Ọ̀rọ̀ Nọ́ńbà Mọ́tò Tí Mọ́wùnmí Ṣì Tẹ̀

Òjò ń rọ̀ ní Plumstead High Street lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mọ́wùnmí dúró nídìí ẹ̀rọ ìsanwó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi etí ìborùn nu awò ojú rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń pòṣé.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ ló ń lọ, ó fẹ́ gba sùtánà funfun tó máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ó tẹ nọ́ńbà mọ́tò sínú ẹ̀rọ, ó fi káàdì kàn án, ẹ̀rọ dún, tíkẹ́ẹ̀tì sì jáde. Ó gbé e síwájú mọ́tò, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò lò tó wákàtí kan tó fi padà dé.

Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan dé sílé wọn ní Thamesmead East. Orúkọ Láńrewájú ọkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, torí orúkọ ọkọ ni wọ́n fi forúkọ mọ́tò sílẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Láńrewájú. Ó ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sì sí àbààwọ́n kankan lára láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ìdúró ló wà tó fi ka lẹ́tà náà tán.

“Mọ́wùnmí! Wá wo nǹkan tó o ṣe.”

Fọ́tò mọ́tò wọn wà níbẹ̀, bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Nísàlẹ̀ fọ́tò, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mọ́tò yìí. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n ń béèrè. Tí wọ́n bá tètè san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n á gba ọgọ́ta.

“Daddy Ìlérí, mo sanwó o.”

“Ìwé ní o ò san.”

“Mo tẹ nọ́ńbà, mo fi káàdì san án. Ẹ̀rọ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Ṣé kámẹ́rà máa wá parọ́ mọ́ ẹ ni? O máa ń kánjú jù. Mo ti ń sọ ọ́ pé ìkánjú ẹ máa kó bá mi lọ́jọ́ kan. Láísẹ́ǹsì yìí ni mo fi ń jẹun. Tí wọ́n bá fi póìǹtì ẹ̀ṣẹ̀ ìwakọ̀ lé e ńkọ́? Ìwọ lo fà á, ìwọ ni kó o lọ wá nǹkan ṣe sí i.”

Mọ́wùnmí gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Láti ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le ju èyí lọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe owó ló ń rò. Ó ní òun sanwó, ọkọ òun wo òun lójú, ó sì gba ìwé gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó sọ ọ́ fún Uncle Jethro tó ń darí àwọn akọrin. Ẹ̀rín ni Uncle Jethro fi dá a lóhùn.

“Sister, jù ú sínú bin, o jàre. Kì í ṣe ìjọba. Private company lásán ni. Kí ni wọ́n lè ṣe?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Àmọ́ nígbà tó délé, tó tún rí lẹ́tà náà lórí tábìlì, kò lè jù ú nù.

Ó pa mọ́tò tì, kó má bàa tún ṣi nǹkan míì ṣe. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe, láti ilé dé ilé, bọ́ọ̀sì ló sì wá ń wọ̀ báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Mummy Rosaline, ìyá ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí kò lè dá dìde. Ìyá náà ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ogójì ìṣẹ́jú nínú aṣọ tó fi sùn. Kò tíì jẹun, kò sì tíì lo oògùn àárọ̀. Kò bínú rárá. Ó kàn béèrè bóyá ara Mọ́wùnmí ni kò yá. Ìyẹn gan-an ló mú kí omi lé sí Mọ́wùnmí lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wọ ojú ìkànnì ilé iṣẹ́ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó sì kọ̀wé sí wọn pé òun ni awakọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mi ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.”

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, àwọn ò sì gbà. Ó tijú débi pé kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó pa ìmeèlì náà dé, kò ṣí i mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀.

Mummy Rosaline ló fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá náà ní kó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fún un ní ìwé pélébé kan. Ìwé náà ní wọ́n ń gba àwọn ará àdúgbò nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Woolwich, ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. “Kó gbogbo nǹkan tó o bá ní lọ,” ni ìyá náà wí. “Má fi ọ̀kan sílẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́wùnmí ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Beresford Square ní Ọjọ́bọ̀ náà, tó gba àárín àwọn tó ń tajà kọjá, àpòòwé mọ́ ọn láyà.

Yéwándé, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, ló bá ní gbọ̀ngàn náà. Woolwich ni wọ́n bí ọmọbìnrin náà sí, lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló sì ti gbọ́ Yorùbá.

“Auntie, jókòó. Show me everything. Ṣé o mú letter yẹn wá?”

“Òun rèé. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ wà nínú fóònù. Ọmọ mi, mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi, àmọ́…”

“Dúró ná. Jẹ̀bi kí ni? Ṣé o sanwó àbí o ò san?”

“Mo san.”

“Okay. Mo gbà ẹ́ gbọ́. Kí lo ní tá a lè fi hàn wọ́n?”

Mọ́wùnmí gbójú sókè wò ó. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnì kankan: mo gbà ẹ́ gbọ́.

Ó ṣí áàpù báǹkì rẹ̀. Owó tó san wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ náà àti orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì tó ti ká kò látinú àpòòwé. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ló lọ tú àpò ilẹ̀kùn mọ́tò tó fi rí i láàárín àwọn rìsíìtì. Yéwándé tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tó wà nínú lẹ́tà.

“Auntie, wo plate tó wà nínú photo. Kí ló gbẹ̀yìn?”

“Lẹ́tà O.”

“Wá wo ti ticket.”

Mọ́wùnmí tẹ̀ mọ́ ọn. “O náà ni. Àmọ́… èyí tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀.”

“Zero ni. Lẹ́tà O ló yẹ kó o tẹ̀, o tẹ zero. Camera rí O, machine gba zero, computer wọn rò pé mọ́tò méjì ni. Owó ẹ dé ọwọ́ wọn. Wọn ò kàn mọ̀ pé mọ́tò yìí ló ni ín.”

Mọ́wùnmí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. “Òdo,” ló wí. “Òdo kan ṣoṣo ló da ilé mi rú báyìí?”

Ó tún rántí ohun tó ń ba ọkọ rẹ̀ lẹ́rù. “Láísẹ́ǹsì Daddy Ìlérí ńkọ́? Bọ́ọ̀sì ló ń wà.”

“Kò kan láísẹ́ǹsì. Wo orí letter yìí. Kì í ṣe council, kì í ṣe police. Private company ló ń béèrè owó. Kò sí póìǹtì kankan tó lè ti ibẹ̀ wá.”

“Uncle kan ní kí n jù ú nù.”

“Ìyẹn náà ò da. Wọ́n lè gbé e lọ sí court. Tó o bá dákẹ́, judge lè dá wọn láre láìgbọ́ tẹnu ẹ. Tí o ò bá wá san án lásìkò, ó máa ba credit ẹ jẹ́, báǹkì ò ní fẹ́ yá ẹ lówó mọ́.”

Yéwándé ka ọ̀rọ̀ tí Mọ́wùnmí kọ sí wọn. Ó mi orí. “Auntie, o bẹ̀ wọ́n bí ẹni tó jalè. Kò síbi tó o ti sọ pé o sanwó. Kí ni wọ́n fẹ́ wò? Ìlànà tí àwọn company yìí fọwọ́ sí fúnra wọn sọ pé, tẹ́ni tó sanwó bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, irú zero dípò O yìí, tó sì fi ẹ̀rí hàn, kí wọ́n fagi lé e.”

“Wọ́n ti kọ̀ báyìí ńkọ́?”

“Kíkọ̀ wọn kọ́ ló kẹ́yìn. Àjọ kan wà tí kì í ṣe tiwọn, tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ẹ̀ àti code tó o máa lò wà nísàlẹ̀ email tó ò ń sá fún yìí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù fún ẹ.”

Wọ́n jọ kọ ọ́. Yéwándé ò kọ ọ́ fún un. Ó ní kí Mọ́wùnmí fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò gùn: ọjọ́ tó gbọ́kọ̀ síbẹ̀, iye tó san, lẹ́tà tó ṣì tẹ̀, àti pé ó ní kí ilé iṣẹ́ náà wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wọn, wọ́n á rí owó òun níbẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì àti àkọsílẹ̀ báǹkì sí i. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà rí ẹ̀rí, wọ́n ní àwọn ò ní bá a ṣẹjọ́ mọ́. Wọ́n ti fagi lé e.

Láńrewájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Mọ́wùnmí fún un ní ìwé náà láìsọ nǹkan kan. Ó kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó jókòó.

“O sanwó lóòótọ́,” ló wí.

“Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà.”

“O sọ ọ́.” Ó pa ìwé náà pọ̀. “Ẹ̀rù láísẹ́ǹsì ló bà mí, mo wá sọ ọ́ di ẹ̀bi lọ́rùn ẹ. Má bínú.”

“Mo ti gbọ́, Daddy Ìlérí. Àmọ́ nígbà míì, kí ẹ tó gba ìwé gbọ́, ẹ kọ́kọ́ bi mí.”

Lọ́jọ́ kejì, Láńrewájú fúnra rẹ̀ ló bá a nu gíláàsì mọ́tò kí Mọ́wùnmí tó wà á lọ sọ́dọ̀ Mummy Rosaline, ó sì débẹ̀ lásìkò.

Ẹ̀yin ará wa, irú lẹ́tà yìí ń wọ ọ̀pọ̀ ilé. Bó bá wọ tiyín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó kọ ọ́: ti káńsù yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ àdáni, ọ̀nà tá a ń gbà ta kò wọ́n sì yàtọ̀. Ẹ má jù ú nù. Ẹ má sì sáré san án tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta kò ó, torí tẹ́ ẹ bá ti san án, ẹjọ́ sábà máa ń parí síbẹ̀ ni. Ẹ wá àkọsílẹ̀ báǹkì yín, kí ẹ sì fi tíkẹ́ẹ̀tì wé nọ́ńbà tó wà nínú fọ́tò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kí gbèdéke tó pé, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀rí tì í. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ka ìwé tí wọ́n fi kọ̀ náà dópin, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà kejì wà. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mọ́tò míì lẹ tẹ̀ pátápátá, wọ́n lè má fagi lé gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n dín in kù gan-an. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ wà ní Citizens Advice. Kò yẹ kí ẹnì kankan gbowó lọ́wọ́ yín kó tó ràn yín lọ́wọ́.

Nídìí ẹ̀rọ pàápàá, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, tí àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń pòṣé, ẹ ka nọ́ńbà yín lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá sì ti sanwó, ẹ má bẹ̀bẹ̀ bí ajigbèsè. Ẹ gbé ẹ̀rí síwájú, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ ti san.