Tápù Tí Kò Mú Omi Gbígbóná Wá

Ọkọ yí hítà omi dé òpin, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ọkọ, tí ó jẹ́ atẹ̀wé, ń múra àtijáde. Ìyàwó, tí ó jẹ́ aránṣọ, ń gbé omi gbígbóná nínú garawa láti ilé ìdáná gun àtẹ̀gùn lọ sí balùwẹ̀, nítorí pé tápù ọpọ́n ìwẹ̀ kò mú omi gbígbóná wá mọ́. Ìyá ọkọ, tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra tipẹ́, ni ó ni omi náà. Dókítà ti sọ pé kí ó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ẹsẹ̀ náà wò lójoojúmọ́. Wọ́n ń ṣe é. Kò sí ẹni tí ó bi dókítà léèrè ìdí rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ìyàwó ti ń sọ pé kí wọ́n pe pulọ́ḿbà. Ọkọ kò gbà. Mo-lè-tún-un-ṣe ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, ó sì ka orúkọ náà sí ìyìn. Fáànù pálọ̀ tí ó tún ṣe ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Aago ògiri tí ó tún ṣe ń sáré ju ọjọ́ lọ. Ó wo tápù náà, ó gbá a nídìí, ó sì pinnu pé hítà ni kò lágbára. Omi tí ìyàwó ń gbé kọjá níwájú rẹ̀, láti ẹnu tápù ilé ìdáná ni ó ti pọn ọ́n, hítà kan náà ni ó sì mú un gbóná. Ọkọ kò rò ó dé ibẹ̀.

Bí tọkọtaya yìí bá ń jà, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá ni wọ́n ń rán sí ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ jókòó sínú yàrá kan náà. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé ẹ̀yìn ń ro mí." "Màmá, ẹ sọ fún un pé mo ti gbọ́." Ìyá a sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ, bí ẹni pé adití ni wọ́n. Wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀rín nínú ilé náà.

Lówùúrọ̀ yìí, ó sú ìyá. Ọkọ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí ó ti yí hítà títí kò fi lè yí mọ́. Ó ń nu ọwọ́.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé..."

"Mi ò bá ẹ sọ nǹkan kan. Èmi kì í ṣe tẹlifóònù yín. Ìwọ lẹ́nu, òun náà létí. Sọ ọ́ fún un fúnra ẹ."

Ọkọ wo ìyàwó. Ìyàwó kọjú sí garawa. Ọkọ gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò tíì dé ibi iṣẹ́ tí ìyàwó fi pe pulọ́ḿbà. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ṣí tápù ilé ìdáná, ó tún ṣí ti básínì ìfọwọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀. Omi gbígbóná jáde ní méjèèjì.

"Màdáàmù, hítà yín ò ṣe nǹkan kan," ó sọ fún ìyàwó. "Tó bá jẹ́ gbogbo tápù ni kò mú omi gbígbóná wá, à bá wo hítà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Inú òun fúnra ẹ̀ la máa wò."

Ó pa iná hítà, ó ti omi, ó sì tú ọwọ́ tápù náà. Èérí funfun líle tí omi ń fi sílẹ̀ ti dí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pò. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún fi òrùka ike kan han ìyàwó: òun ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ tápù yí kọjá ààlà, kí omi má baà bó ènìyàn. Ìyàwó ní kí ó sún un dé òpin, pé omi tútù ti tó wọn nínú ilé yìí.

Pulọ́ḿbà bi í léèrè: "Ṣé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan hítà?"

"Kò sẹ́ni."

Ó yẹ kí ó lọ wò ó. Kò lọ. Ó sún òrùka náà, ó tan hítà padà, ó sì dán tápù wò. Omi tí ó ti ń tutù ni ó jáde. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí omi gbóná tán, kí wọ́n sì fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án wò kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Ìyàwó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó fẹ́ kí ọkọ bá iṣẹ́ tí ó ti parí nílé. Ó mú ìyá jókòó sí etí ọpọ́n ìwẹ̀, ó sì ṣí tápù lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Oorú bo dígí.

"Ṣé ó gbóná, Màmá?"

"Kò tíì gbóná."

Ìyàwó yí i sí i.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. O ṣeun, ìyàwó mi. Ọmọ mi ń lu tápù bí ẹni ń lu ewúrẹ́ tó jẹṣu."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ omi láti fọ ẹsẹ̀ náà. Ó fa ọwọ́ yọ. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ ìyá sókè, awọ rẹ̀ bó sí i lọ́wọ́. Ìyá ń wò ó, ó ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kò mọ ìrora kankan.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé àtọ̀gbẹ a máa pa ẹsẹ̀ kú, débi pé ẹni tí ó ni ín kò ní mọ̀ bí iná bá ń jó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá wọn wí pé wọ́n ti fi òróró pa ojú iná náà nílé; omi tútù láti ẹnu tápù ni ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ó máa ṣàn sí i fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní omi hítà kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ bí ẹnì kan kò bá yí i sókè, ó sì béèrè ẹni tí ó yí i.

Ọkọ kọjú sí ibùsùn. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún un pé mo fẹ́ sọ fún un láàárọ̀."

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ fi ìyá sílẹ̀. Ìyàwó yín ló dúró síbí yìí."

Ọkọ yíjú kúrò lọ́dọ̀ ibùsùn. "Èmi ni mo yí i," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí pulọ́ḿbà sún òrùka tápù dé òpin," ni ìyàwó wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí tápù kan kò bá mú omi gbígbóná wá, ẹ kọ́kọ́ ṣí àwọn yòókù wò kí ẹ tó fọwọ́ kan hítà. Ẹni tí ó bá yí hítà, kí ó sọ fún gbogbo ará ilé, ìjà ì báà wà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ dán omi wò, ẹ má sì gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ pé omi kò gbóná. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án wò.

Ojú iná ẹsẹ̀ ọ̀tún jinná. Ti òsì kẹ̀. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.