Ṣúgà Inú Àpò Olú

Ọ̀ọ́dúnrún àpò olú ni Sàfúrátù tò sílé iṣẹ́ rẹ̀ ní Owódé, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó hù ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí àwọn olùrajà wá wò ó. Inú koríko ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ti rí irú olú yìí, ọdún mẹ́fà ló sì fi tọ́ ọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Dókítà Bándélé, olùkọ́ rẹ̀, ní Aké. Ó yẹ àpò wò, ó ní májèlé ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Mùs'áb, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó máa ń se koríko tí wọ́n ń gbin olú sí, ti wà ní àtìmọ́lé. Sàfúrátù fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn: ẹni tí kò lẹ́nìkan la kọ́kọ́ ń mú.

Insipẹ́kítọ̀ Tolúlàṣẹ kò fẹ́ràn ẹjọ́ tó bá tètè yanjú. Ó bi Mùs'áb léèrè títí. Ohun tó rí gbà ni pé koríko náà ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń dì í sápò, àti pé kó tó dáná sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi tó fi ń se koríko lọ́jọ́ náà, Dókítà wá kí wọn, ó sì rán an lọ ra epo jẹnẹrétọ̀.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ni Mùs'áb wí. "Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ tèmi?"

Insipẹ́kítọ̀ fa àpò kan ya, ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ jẹun. Ìgbà tó dé, èèrà ti bò ó. Ó wá ní kí Sàfúrátù ṣàlàyé bí olú ṣe ń jẹun. Obìnrin náà ní àwọn jíìnì wà nínú ara olú, àwọn ló ń pàṣẹ ohun tí yóò ṣe. Bó bá ti tọ́ ṣúgà wò, á ti àwọn jíìnì tó fi ń jẹ koríko pa, nítorí kò sẹ́ni tó rí oúnjẹ rírọ̀ tó máa fẹ́ jẹ líle. Bí ṣúgà bá tán tí ebi dé, á tún ṣí wọn. Tó bá yó, kò ní í hù. Ebi ló ń mú un yọrí.

Lọ́jọ́ Ajé, Insipẹ́kítọ̀ pe gbogbo wọn sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bándélé rẹ́rìn-ín, ó béèrè ohun tí ọlọ́pàá mọ̀ nípa olú.

"N ò mọ̀ púpọ̀, sà," ni Tolúlàṣẹ fèsì. "Ṣùgbọ́n èèrà kì í du májèlé. Ṣúgà ló wà níbẹ̀. Ká ní ẹ̀yìn tí wọ́n se koríko tán ni wọ́n bù ú sí i, tí kò sí iná tó máa pa kòkòrò tó ń mú nǹkan bu, gbogbo àpò yẹn ì bá ti bu. Kò sí èyí tó bu. Inú omi dúrọ́ọ̀mù ló gbà wọlé, nígbà tí ẹ rán Mùs'áb lọ ra epo. Ẹni tínú ń bí, oògùn apakoríko ló máa dà sí i. Ẹni tó mọ̀ pé oúnjẹ lè dá olú dúró títí olùrajà á fi lọ, ẹni tó kọ́ Sàfúrátù ni. Ẹ rí àpò yẹn, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ pè é ní májèlé."



"Èmi ni mo kọ́ Sàfúrátù," ni Bándélé wí níkẹyìn. "Olú tèmi ni wọ́n ń rà kó tó dé."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n tú Mùs'áb sílẹ̀. Sàfúrátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. Ó bẹ̀ ẹ́ kó padà síbi iṣẹ́, ó ní àwọn àpò náà ti ń hù.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá yín se koríko," ni Mùs'áb wí. "Dókítà lẹ bi léèrè ohun tó ṣe olú. Ẹ ò bi èmi ní nǹkan kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé."